Iqaluit sí Rankin Inlet: wákàtí mélòó gan-an ni?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Mo ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbà ní Rankin Inlet, láti Iqaluit níbí ni mo sì ti máa gbéra; Nunavut, ní àríwá Kánádà, ni ìlú méjèèjì wà. Tíkẹ́ẹ̀tì ní aago kan ọ̀sán la ó gbéra, aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú la ó balẹ̀. Ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ ni? Bàbá Ìbejì ní ká kúkú fi mọ́tò lọ, ká lè rí ẹrù kó.

Ẹ̀gbọ́n Winnipeg:
Ẹ kú oríire iṣẹ́! Ẹ bá wa sọ fún Bàbá Ìbejì pé kò sí títì. Ìlú 25 ni Nunavut ní, kò sí títì tó so ọ̀kan mọ́ èkejì. Bàálù lèèyàn ń wọ̀. Ẹrù wúwo ń bá ọkọ̀ ojú omi wá nígbà ooru, tí yìnyín bá ti yọ́ lójú òkun.

Ní ti aago, aago Iqaluit ni wọ́n fi kọ ìgbéra, aago Rankin ni wọ́n fi kọ ìbalẹ̀, Iqaluit sì fi wákàtí kan ṣíwájú. Wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú lẹ ó lò lókè. Tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì á tún fi wákàtí kan lé e.

Àbúrò Ottawa:
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Láti pápákọ̀ òfurufú Iqaluit (YFB) dé ti Rankin Inlet (YRT) tó nǹkan bí kìlómítà 1,170, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Èkó sí Maiduguri. Bàálù alábẹ̀bẹ̀ bíi ATR 42 ń sá tó kìlómítà 500 ní wákàtí kan. Ẹ pín in, wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú ni. Ẹ wá fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kún un, torí kì í sáré bẹ́ẹ̀ tó bá ń gbéra tàbí tó bá ń balẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn sábà máa ń gbà fẹ́ wá, torí náà àlọ máa ń pẹ́ ju àbọ̀ lọ.

Ohun tó ń ká mi lára ni pé ojúewé tó ń ṣírò kìlómítà kì í sọ bóyá bàálù ń lọ lọ́jọ́ náà. Bí kò bá sí èyí tó lọ tààrà, wọ́n lè gbé yín gba Ottawa àti Winnipeg: Iqaluit sí Ottawa tó nǹkan bí kìlómítà 2,100, Ottawa sí Winnipeg 1,690, Winnipeg sí Rankin Inlet 1,470. Ó lé ní kìlómítà 5,200! Ẹ ka orúkọ gbogbo ìlú tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti wò ó, tààrà ni, ẹ ṣé. Ọjọ́ Ẹtì ni, Ọjọ́ Ajé ni mo máa wọṣẹ́. Ṣé àyè wà?

Ẹ̀gbọ́n Winnipeg:
Tó bá jẹ́ ìgbà òtútù, ẹ jẹ́ kó jẹ́ Ọjọ́rú. Ìjì yìnyín lè dá bàálù dúró fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ yín kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó máa san owó hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ má sì kó kóòtù, ìbọ̀wọ́ àti fìlà sínú àpótí tẹ́ ẹ máa fà lé wọn lọ́wọ́. Ní Rankin, ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn láti ìdí bàálù dé inú ilé, atẹ́gùn ibẹ̀ sì ń gé ni létí.