Èsì: "owó-ẹ̀rù" kò lè jẹ́ orúkọ ohun tí ìfòyà ogun ń fi kún iye ọjà

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìròyìn fún rédíò mú orúkọ wá fún iye tó máa ń gorí epo rọ̀bì, àlìkámà àti wúrà nígbà tí orílẹ̀-èdè kan bá ń dúnkookò mọ́ òmíràn, tí ìbọn kò tíì dún. Ó pè é ní "owó-ẹ̀rù". Àwọn kan ti kan sáárá sí i, wọ́n ní kí a kọ ọ́ sínú àkójọ ọ̀rọ̀ tuntun wa. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn.

"Owó ẹrù" ti wà nínú òwò yìí kan náà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kó ọjà gba Àpápá rí ti san án: owó tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà kó tó gbé ẹrù. Ẹ̀gbọ́n ní àmì ohùn yóò ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àmì ohùn kan ṣoṣo, lórí sílébù kan ṣoṣo, lẹ́nu akàròyìn tó ń sáré kí àkókò rẹ̀ tó pé! Lórí fóònù ńkọ́, níbi tí ọ̀pọ̀ wa kì í ti fi àmì sí nǹkan kan? Owó ẹ̀rù, owó ẹrù àti owó ẹrú di ọ̀kan náà níbẹ̀.

Ẹ má sọ pé mo ń wá ìjà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, àwọn Houthi, ẹgbẹ́ ajagun kan ní ilẹ̀ Yemen, bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ọkọ̀ lórí Òkun Pupa. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ṣẹ́rí, wọ́n ń yípo gba ìsàlẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Kò pẹ́ tí owó ẹrù láti Shanghai dé Yúróòpù fi ju ìlọ́po méjì lọ, ṣùgbọ́n àgbá epo Brent (epo rọ̀bì tí wọ́n fi ń díwọ̀n iye epo láyé) kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò láàárín 75 sí 85 dọ́là. Owó ẹrù fò sókè, ohun tí ẹ̀gbọ́n ń pè ní owó-ẹ̀rù kò kúrò lójú kan. Báwo ni a ó ṣe ka ìròyìn yẹn fún ará ilé wa kó yé e?

Bàbá wa láti Ìbàdàn ní kí a sọ pé "èlé ogun". Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, gbèsè ló ni èlé. Bí mo bá rí i láìní àmì, èlé ogún nínú ọgọ́rùn-ún tí ayánilówó ń gbà ni n óò kà. Ohun tó tilẹ̀ bà á jẹ́ jù ni pé ogun fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń bí iye yìí. Iraq wọ Kuwait ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ 1990, àgbá epo sì ti kọjá 40 dọ́là nígbà tó fi di oṣù kẹwàá, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá Saddam, ààrẹ Iraq, yóò dé orí kànga epo Saudi Arabia. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní 1991 tí bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé Baghdad, epo já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ sì gòkè ní New York. Ogun dé, iye ọjà wálẹ̀! Ìfòyà ló gbé e sókè, ìgbà tí ìfòyà rọlẹ̀ ló sọ ọ́ kalẹ̀.

Ohun tí èmi ń dábàá ni "ọ̀wọ́n ìfòyà". Ìyá ìyá mi ta iyọ̀ nígbà ogun Hítílà, ọ̀wọ́n iyọ̀ ló sì ń pè é títí ó fi kú. Àbúrò wa ní Houston takò mí pé àìsí ọjà ni ọ̀wọ́n. Rárá o. Àìsí oúnjẹ ni ìyàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe "wọ́n" ló bí ọ̀wọ́n, ọjà lè wà níwájú ẹni rẹpẹtẹ kó sì wọ́n. Ní oṣù kẹfà 2025 tí Israel kọlu Iran, Brent sún láti bí 69 sí 74 dọ́là lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀nà omi Hormuz létí Iran, tí nǹkan bí ogún mílíọ̀nù àgbá epo ń gbà kọjá lójúmọ́ nígbà náà, kò tì. Ẹni tí yóò nílò epo ní oṣù mẹ́ta sí i ló ń rà á sílẹ̀, ẹni tó ní i lọ́wọ́ ń fà á sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ ìjà dúró lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù náà, ó ti padà sí bí 67. Ọ̀wọ́n ìfòyà gan-an nìyẹn. Ti Ukraine ní 2022 yàtọ̀: ìfòyà ló ṣáájú, lẹ́yìn náà èbúté Odesa tì, àlìkámà há síbẹ̀ títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé ní Istanbul ní oṣù keje, búrẹ́dì sì wọ́n dé Èkó. Ẹ rí i pé orúkọ méjì la nílò níbẹ̀: ọ̀kan fún ìfòyà, ọ̀kan fún àìrí ọjà gbà.

Ẹni tó tún sọ pé kí a máa pe gbogbo ọjà wọ̀nyí ní "ọjà kòṣeémánìí", ẹ dúró ná. Nickel, irú irin kan tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò, kọjá 100,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan ní London ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta 2022, débi pé wọ́n ti ọjà náà pa, wọ́n sì fagi lé káràkátà ọjọ́ yẹn. Ilé wo ni kò lè ṣe é máà ní nickel? Iyọ̀ ni kòṣeémánìí, epo ìdáná ni kòṣeémánìí.

Ní ti "olùdókòwò", tí àwọn kan ń kọ fún ẹni tó ń fi owó sínú òwò, n kò tíì gbà. "Oko" ni ìdí ọ̀rọ̀ náà, irú oko tó wà nínú oko ẹrú àti oko òwò, kì í ṣe ti àgbẹ̀ nìkan. "Adókoòwò" ni mo ń kọ, òun náà ni n óò máa kọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ti kọ́ni ní gírámà láti ìgbà tí a ti wà ní kékeré, ẹ sọ ibi tí fáwẹ̀lì kejì nínú "oko" gbà lọ fún wa, kí ẹ sì mú àpẹẹrẹ míì tó rí bẹ́ẹ̀ wá.