Páìpù oníhò lábẹ́ ilẹ̀: sókè ni ihò ń kọjú sí ni, àbí sísàlẹ̀?

Ẹ ǹlẹ́ o. Omi òjò ń dágún sẹ́yìn ilé, ọ̀dà ìsàlẹ̀ ògiri ti ń wú, ó ń ṣí. Ilẹ̀ amọ̀ ni. Kòtò tí mo fẹ́ gbẹ́ á jìn ní sẹ̀ǹtímítà 50, á fẹ̀ ní 30, á sì máa dà gẹ̀rẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 1 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Páìpù mìlímítà 100, òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká, aṣọ àsẹ́ lóde kí amọ̀ má baà dí i.

Lójú tèmi, ihò gbọ́dọ̀ kọjú sísàlẹ̀, kí omi tètè wọlé bó bá ṣe ń ru. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Omi òrùlé ńkọ́, ṣé kó gba páìpù tirẹ̀? Ewé àti iyanrìn inú rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù.