Àmì "ó ti san" tó ń rìn káàkiri: ìrírí wa pẹ̀lú ìlà tí fóònù ń tún lò

Ará Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀. Ìyá alájọ kan wà ládùúgbò wa tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó yéé fi bírò kọ orúkọ oníbàárà sínú ìwé, ni wọ́n bá ní kí wọ́n ṣe áàpù fún un. Orúkọ tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, àpótí kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá san, màmá á tẹ àpótí rẹ̀, àmì á wọ inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa pè mí, ọ̀rọ̀ ti di ìjà láàárín màmá àtàwọn oníbàárà.

"Ọmọ mi, sún mọ́ ibí, kí o wò ó." Màmá tẹ orúkọ ìyá ẹlẹ́pà lókè, ó fi ìka fa ojú fóònù. Ìyá aláta tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí kò tíì san kọ́bọ̀, àmì ti wà lára tiẹ̀ náà. "Ṣé èmi ni mo tẹ ìyẹn?"

"Ẹ̀yin kọ́, mà."

"O ṣeun. Wọ́n ní ojú mi ló ń ṣe bàìbàì."

Ẹni tó bá ti lo RecyclerView, irinṣẹ́ tí a fi ń to orúkọ tó pọ̀ sójú fóònù, èyí tí Google gbé jáde fún Android ní 2014, ti mọ ibi tí mò ń lọ. Bí orúkọ bá tó ẹgbẹ̀rún, fóònù kò ní ṣe ẹgbẹ̀rún ìlà. Èyí tó máa kún ojú rẹ̀ ló máa ṣe, pẹ̀lú díẹ̀ lé e. Ìlà tó bá ti kúrò lójú lókè, á kó o, á fi orúkọ ẹlòmíràn sí i, á gbé e jáde nísàlẹ̀. Àwo búkà ni: ẹnì kan jẹun tán, wọ́n bu ti ẹlòmíràn sínú rẹ̀. Bí wọn ò bá fọ̀ ọ́, ẹ̀fọ́ ẹni àkọ́kọ́ á bá ẹni kejì níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọ kóòdù áàpù màmá nìyẹn: ó ń pààrọ̀ orúkọ, kì í pààrọ̀ àmì.

Bó bá mọ síbẹ̀, ojú nìkan ni ì bá máa tàn jẹ. Àtúnṣe tí ẹnì kan ti ṣe kí n tó dé ló ba nǹkan jẹ́ gan-an. Ó ń tọ́jú "ó san" àti "kò san" sínú dátábéèsì, ó sì ń kà á jáde nínú onBindViewHolder, ibi tí kóòdù ti ń fi orúkọ tuntun sínú ìlà. Ìyẹn dáa. Àmọ́ ó ń ṣe setChecked (àṣẹ tó ń fi àmì sí àpótí tàbí mú un kúrò) kó tó pààrọ̀ listener, ìyẹn kóòdù tó ń ṣọ́ àpótí, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí àmì bá yí padà.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìyá ẹlẹ́pà ti san, àmì wà lára ìlà rẹ̀. Màmá fa ojú fóònù, ìlà yẹn kúrò lókè, fóònù gbé e fún ìyá aláta. Ìyá aláta kò tíì san, nítorí náà setChecked(false), àmì kúrò. Listener tó ṣì wà lára ìlà náà ti ìyá ẹlẹ́pà ni o! Ó rí i pé àmì kúrò, ló bá lọ kọ ọ́ sínú dátábéèsì pé ìyá ẹlẹ́pà kò san. Bí màmá ṣe ń wo orúkọ lásán, owó àwọn tó ti san ń pa rẹ́. Ó ń ṣe òdìkejì náà: ẹni tí kò san á di ẹni tó san, láìsí ẹni tó tẹ nǹkan kan.

Ìlà kóòdù mẹ́ta ni àtúnṣe rẹ̀: setOnCheckedChangeListener(null) lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà setChecked láti inú dátábéèsì, kí listener tuntun tó wọlé. Nínú listener, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé position (ipò ìlà) tí onBindViewHolder fún yín. Ẹ bi getBindingAdapterPosition léèrè nígbà tí ìka bá tẹ̀ ẹ́ gan-an, bó bá sì dá NO_POSITION padà, ìyẹn ni pé ìlà náà kò ní ipò mọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ìwé àtijọ́ màmá la fi tún àkọsílẹ̀ ṣe. Mo dúpẹ́ pé kò tíì sọ bírò nù.

Àwọn kan á ní kí ẹ ṣe setIsRecyclable(false). Àmì á dúró lóòótọ́, àmọ́ ẹ ti sọ RecyclerView di ohun tí kì í tún nǹkan lò, fóònù tí RAM rẹ̀ kéré á sì máa fà bí ìgbín. Èmi ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ará Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Ẹ kú iṣẹ́. Èyí tí wọ́n gbé wá bá mi, Flutter (irinṣẹ́ míì fún ṣíṣe áàpù) ni wọ́n fi kọ ọ́. ListView.builder, tó ń to ìlà níbẹ̀, kì í tún ìlà lò. Bí ìlà bá ti jìnnà sójú fóònù, ńṣe ló ń dà á nù. Oníṣọ́ọ̀bù kan kọ 24 síwájú mílíìkì, ó lọ kọ iye ọṣẹ nísàlẹ̀, ó padà sókè, òfìfo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fóònù yìí ń gbé ọjà mi mì." AutomaticKeepAliveClientMixin lè dá ìlà dúró, ṣùgbọ́n bí ọjà bá pọ̀, gbogbo ìlà tí ẹ dá dúró ló ń jẹ RAM. Mo kó iye ọjà kúrò nínú ìlà, mo tò ó síta pẹ̀lú nọ́ńbà ọjà kọ̀ọ̀kan.

Ará Under G, Ògbómọ̀ṣọ́

Ti iPhone ni tèmi, áàpù tó ń to orúkọ àti àwòrán àwọn ọmọ kíláàsì, ti àwòrán sì ni. Nẹ́tíwọ̀kì ìrọ̀lẹ́ ń fà, kí àwòrán tó dé, UITableView, tó ń to ìlà lórí iPhone, ti gbé ìlà fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni onírùngbọ̀n kan ṣe jókòó sórí orúkọ ọmọbìnrin, gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ẹ dá gbígba àwòrán dúró nínú prepareForReuse, ibi tí ìlà ti ń múra fún ẹlòmíràn, bó bá sì dé, ẹ bi í ti ta ni kí ẹ tó gbé e sójú.

Ará Sábó

Mo ti kúrò nídìí RecyclerView, Compose, irinṣẹ́ Android tó tuntun jù ú lọ, ni mò ń lò. Ṣé mo ti bọ́?

Ará Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ò tíì bọ́ o. Nínú LazyColumn, tó ń to ìlà ní Compose, ohun tí ẹ fi remember tọ́jú máa ń lọ bí ìlà bá kúrò lójú. Ohun tí ẹ fi rememberSaveable tọ́jú ló ń dúró. Bí ẹ ò bá sì fún items (àwọn ohun tí ẹ tò) ní key, ìyẹn ohun ìdánimọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, ipò ni wọ́n fi ń mọ ìlà. Ẹ fi oníbàárà tuntun sókè pẹ́rẹ́n, àmì ẹni tó wà lókè tẹ́lẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà oníbàárà ni kí ẹ fi ṣe key, kí ó sì jẹ́ irú ohun tí Bundle (àpò tí Android fi ń tọ́jú nǹkan pamọ́) lè gbà, bíi String (ọ̀rọ̀) tàbí Long (nọ́ńbà), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ áàpù á kú mọ́ yín lọ́wọ́.