Wọ́n kì í ṣe ọmọlangidi o: kí la fẹ́ máa pe àwọn èèyàn inú géèmù?

Ẹ̀yin ará, mo ti fẹ́ panu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀ àmọ́ kò ṣeé mú mọ́ra mọ́. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbí ní òun ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan tó dá lórí ohun tó ń jẹ́ káwọn èèyàn inú géèmù akópa ayé gbalasa (ìyẹn èyí téèyàn ti ń di ẹnì kan nínú ìtàn, tó sì lè rìn lọ síbi tó bá wù ú) jẹ́ "engaging", ó wá ní ká pe àwọn tí ẹnikẹ́ni ò fi kọ́ńtírólù darí, ìyẹn àwọn NPC, ní "ọmọlangidi", kí "engaging" sì jẹ́ "afanimọ́ra". Ti "ayé gbalasa" yẹn, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó dùn létí, ó sì ṣe kedere. Àwọn méjì yòókù ni mo bá wá.

Ká kọ́kọ́ mú "afanimọ́ra". Ẹni tó bá fani mọ́ra, ẹni téèyàn fẹ́ jókòó tì ni, ọlọ́yàyà, ẹni tára ẹ̀ yọ̀ mọ́ọ̀yàn. Ó dáa, ẹ wá wo Baron inú géèmù The Witcher 3 tó jáde lọ́dún 2015. Ọ̀mùtí ni, ó máa ń lu ìyàwó ẹ̀, oyún ti bà jẹ́ lára obìnrin náà, ìyàwó àti ọmọbìnrin ẹ̀ sì ti sá kúrò nílé kí Geralt, ọdẹ abàmì tí ẹni tó ń gbá géèmù náà ń darí, tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ rárá, òun náà ló tún wá ń dúnàá-dúrà pé tí Geralt bá bá òun wá wọn lòun máa tó sọ gbogbo ohun tóun mọ̀ nípa Ciri, ọmọbìnrin tí Geralt gbà tọ́ tó sì ń wá kiri. Kí ló fani mọ́ra lára irú èèyàn báyìí, ẹ jọ̀ọ́? Àmọ́ ibì kan wà níbẹ̀ (ẹ má bínú o, ẹni tí ò tíì gbá a kó fò ó) tí oyún tí wọ́n sin láìsọ lórúkọ di iwin, tí Baron fúnra ẹ̀ sì gbé e mọ́yà lóru, ó ń rọra rìn bọ̀ nílé, Geralt ń ṣọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n wá sin ín sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ọ́ lórúkọ. Èmi tí mò ń gbá géèmù, mi ò mọ̀ bóyá kí n bínú sí i ni àbí kí n ṣàánú ẹ̀, mo pa ẹ̀rọ, mo sùn, mo jí, mo ṣì ń rò ó. Ìyẹn kì í ṣe fífa èèyàn mọ́ra, gbígba èèyàn lọ́kàn ni. Ẹnì kan ti ní "gba èèyàn lọ́kàn" jọ ohun tó ń dààmú èèyàn. Hẹn ẹn, ìdí gan-an tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn! Agbanilọ́kàn ni ká pè é, kò sídìí fún wàhálà.

Ó wá ku ọmọlangidi. Wọ́n gbẹ́ ọmọlangidi sílẹ̀ ni, ibi tẹ́ ẹ bá gbé e sí lẹ máa bá a. Mo mọ̀ pé kóòdù ló ń ti gbogbo wọn kiri, ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn pẹ̀lú ìyẹn. Ohun tí mò ń wí ni pé láti ìgbà géèmù Ultima V lọ́dún 1988 làwọn tó ń ṣe géèmù ti ń fún àwọn ará inú ẹ̀ ní àkókò tiwọn, kí wọ́n sùn, kí wọ́n jí, kí wọ́n lọ síbi iṣẹ́, Gothic táwọn ará Jámánì ṣe lọ́dún 2001 náà ṣe bẹ́ẹ̀, Oblivion ti 2006 náà sì ṣe é, torí wọ́n fẹ́ kó dà bíi pé ayé yẹn ti wà kẹ́ ẹ tó dé, á sì máa lọ tẹ́ ẹ bá kúrò.

Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní "onílé". Ẹni tó ń gbá géèmù ni àlejò. Àlejò lójú, kò fi ríran, bẹ́ẹ̀ náà ló rí, ẹ̀yin lẹ mú idà, ẹ̀yin lẹ mú máàpù, àmọ́ ẹ ò mọ ẹni tó bínú sí ta. Nínú Red Dead Redemption 2, téèyàn bá pẹ́ níta kó tó padà sí àgọ́ àwọn ẹgbẹ́ Arthur, ẹni tá a ń darí nínú ẹ̀, wọ́n máa bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀, tó bá sì dọ̀tí jù wọ́n á sọ ọ́ sí i lójú. Onílé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ní onílé ti jẹ́ lándílọ́ọ̀dù. Ó jẹ́ ẹ, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí àlejò bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ta ló máa rò pé owó ilé là ń sọ?

Ẹ lè fi ọmọlangidi sílẹ̀ fáwọn ẹ̀ṣọ́ inú géèmù Skyrim tí gbogbo wọn ń sọ pé ọfà ló bá àwọn lórúnkún táwọn fi jáwọ́ nínú ìrìn àjò. Gbogbo wọn! Orúnkún mélòó ni ọfà fẹ́ bà?

Nínú Skyrim kan náà ni Lydia wà, òun ni alábàárìn tí wọ́n ń fúnni nílùú Whiterun. Tẹ́ ẹ bá ní kó bá yín gbé nǹkan, á ní òun ti búra láti máa ru ẹrù yín. Gbólóhùn kan péré, àmọ́ ohùn tó fi sọ ọ́ jọ ti ẹni tí ọ̀rọ̀ ti sú, ohùn yẹn ló sọ ọ́ di èèyàn lójú àwọn tó ń gbá a. Ẹni tó ń túmọ̀ kọ "Mo ti búra pé n ó máa ru ẹrù yín." Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, ó kàn dà bí ẹni ń ka ìbúra ní kóòtù ni. Ṣebí a ní ọ̀rọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ yẹn? "Ṣebí mo ti búra pé n ó máa ru ẹrù yín." Ẹ kà á sókè kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi "ṣebí" yẹn sí i.