Ìwé wo ni ẹ fi ń kọ́ gírámà èdè Japan?

Ará Bódìjà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Japan ní Ìbàdàn yìí sọ ìrírí yín nípa ìwé tó ṣàlàyé gírámà yékéyéké, nítorí pé àwọn fídíò tí mò ń wò kò kọ́ mi ju kíkí ènìyàn lọ.

Ará Agbówó: Genki ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àlàyé rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní kíláàsì ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ìdánrawò ẹlẹ́ni méjì ló kún inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni mò ń dá kàwé ní yàrá mi. Lẹ́yìn náà ni mo rí Irodori, ìwé mẹ́ta tí àjọ Japan Foundation gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ohùn tí a lè tẹ́tí sí. Mo gbà á sórí fóònù, mo sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi.

Ọmọ Ọjà'ba: Èló ni wọ́n gbà?

Ará Agbówó: Ẹ má tẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ewé rẹ̀ pọ̀.

Tíṣà Ṣàngó: Ìwé gírámà Tae Kim tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló yé mi jù. Ọ̀fẹ́ ni òun náà, ó sì ń fi *taberu*, ọ̀rọ̀ ṣákálá fún "jẹ", kọ́ni kí ó tó kan *tabemasu* tó jẹ́ ti ọ̀wọ̀.

Bàbá Mọ́kọ́lá: Ìyẹn gan-an ni n kò fẹ́. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ kọ́ ti ọ̀wọ̀ yóò lọ bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Tíṣà Ṣàngó: Bàbá, ẹ má bínú. Kódà bí ẹ bá ń bá ọba sọ̀rọ̀, bí ẹ bá fẹ́ sọ pé "ìwé tí mo kà", *yonda hon* tí kò ní *masu* náà ni ẹ ó sọ. *Masu* ìparí gbólóhùn ló ń fi ọ̀wọ̀ hàn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí *masu* yóò tún padà wá kọ́ èyí tó fò.

Ìyàwó Olùkọ́: Ọ̀wọ̀ tiwọn kò tilẹ̀ dà bíi tiwa. Bí àlejò bá pe ọ́fíìsì láti béèrè ọ̀gá tó ń jẹ́ Tanaka, òṣìṣẹ́ yóò dáhùn pé "Tanaka kò sí níkàlẹ̀", láìfi *san*, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tó ń tẹ̀lé orúkọ, kún un.

Bàbá Mọ́kọ́lá: N kò gbà. Ta ló ń pe ọ̀gá rẹ̀ lórúkọ gbàgà bẹ́ẹ̀?

Ará Agbówó: Òótọ́ ni, Bàbá. Níwájú àlejò, ara ilé ni wọ́n ka ọ̀gá sí, ara ilé kò sì gbọdọ̀ gbé ara wọn ga. Bí ó bá ku àwọn nìkan, *san* yóò padà sídìí orúkọ náà. Ẹ wo ẹ̀kọ́ 19 àti 20 nínú Genki kejì, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Mọ́kọ́lá: Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi kò ní dán an wò nínú ilé mi.

Ọmọ Ọjà'ba: Ẹ dákun, *wa* àti *ga*, àwọn ọ̀rọ̀ kékeré tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-orúkọ, ló ń dà mí láàmú.

Tíṣà Ṣàngó: Ìwé atúmọ̀ gírámà tí Makino àti Tsutsui ṣe ní 1986 ló tú u palẹ̀ fún mi. Mo tún máa ń rántí "Ta ni ó wá?": *Dare ga kimashita ka*. *Wa* kì í tẹ̀lé "ta ni".

Ìyàwó Olùkọ́: Ẹ rọra o, kì í ṣe gbogbo *ga* ló dà bí "ni" tiwa. *Ame ga futte imasu*, "òjò ń rọ̀" lásán ni. Kò sí "òjò ni" níbẹ̀.

Ará Bódìjà: Mo ti gba ìwé àkọ́kọ́ nínú Irodori. Ará Agbówó, ṣé àwọn tó bá yín tẹ̀ ẹ́ máa ń ṣí lọ́jọ́ Àìkú?