Bọ́tìnnì ń ké, iná ò ràn

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ààrò gáàsì tí à ń jókòó yí ká ní ìta ni mo fẹ́ fi fáàfù àti bọ́tìnnì ìtanná sí fúnra mi. Tẹ́lẹ̀, ìṣáná ni à ń ṣá sí i, ẹni tó bá sì ṣá a gbọ́dọ̀ mọ eré sá.

Iṣẹ́ páìpù ò fún mi ní wàhálà. Mo ti gáàsì pa láti ìdí sìlíńdà, mo wé téèpù yẹ́lò tó nípọn, èyí tó jẹ́ ti gáàsì, mọ́ ẹnu páìpù. Sípánà méjì ni mo lò: ọ̀kan di fáàfù mú, èkejì ń yí. Páìpù tí ẹnu rẹ̀ là bí ẹnu fèrè, n ò wé nǹkan kan mọ́ ọn, irin ló ń fún irin pa níbẹ̀. Mo tú gáàsì, mo po ọṣẹ mọ́ omi, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún yí ká. Kò hó rárá.

Àfi bọ́tìnnì. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ń ké tá-tá-tá, iná ò ràn. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Gáàsì wà ní ṣíṣí ní gbogbo àsìkò yẹn o! Propane ni mo ń lò, ó sì wúwo tó afẹ́fẹ́ lọ́nà kan àbọ̀. Kì í gòkè, ńṣe ló ń ṣàn wálẹ̀ bí omi. Ó ti kún ìdí ààrò bámúbámú, torí n ò dá ihò kankan sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí iná máa ràn, gbúà! Irun ìpéǹpéjú mi ká kò bí òwú tí iná rà. Ìyàwó mi ò tiẹ̀ pariwo. Ó kàn wò mí, ó gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, mo jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú, mo ti gáàsì pa pátápátá, mo wá tẹ bọ́tìnnì. Ìgbà yẹn ni mo rí i: iná búlúù bíńtín ń ta láti ibi tí wáyà ti bó, ó ń bọ́ sára irin ààrò, kò dé ọ̀dọ̀ bọ́nà tí gáàsì ń gbà jáde rárá. Mo pààrọ̀ wáyà náà, mo tẹ ṣóńṣó irin tó ń ta iná títí àlàfo tó wà láàárín òun àti bọ́nà fi ku bíi mìlímítà 4, mo kó òkúta inú ààrò kúrò lórí ṣóńṣó náà. Mo lu ihò méjì sísàlẹ̀, wọ́n kọjú síra. Ní báyìí, tí kò bá ti ràn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 5, mo ti pa á nìyẹn, mo ti lọ jókòó fún ìṣẹ́jú 5 gbáko.

*

Ẹ kú ewu o, ẹ̀gbọ́n. Tèmi tètè ràn, àmọ́ bí mo bá ti gbọ́wọ́ kúrò lórí nọ́ọ̀bù, ó ti kú. Mo gbé fáàfù náà padà fún ọkùnrin tó tà á fún mi, mo sì bá a jà dáadáa. Àṣé fáàfù ò ṣẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mọ̀ bóyá iná ń jó, tí wọ́n ń pè ní thermocouple, ni n ò jẹ́ kó wọnú iná. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná kí fáàfù tó lè dúró ní ṣíṣí, èèyàn sì ní láti di nọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀ tó ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí 30. Èmi kì í dúró tó 5. Nígbà tí mo padà lọ bẹ ọkùnrin yẹn, orí káńtà ni fáàfù mi ṣì wà. Ó ní òun ti mọ̀ pé mo ń bọ̀.