Ọmọ àbúrò mi kì í yó: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àǹtí Mòní:
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọkùnrin àbúrò mi ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìbàdàn báyìí, ọmọ ọdún 8 ni. Lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú tí ìyá rẹ̀ sì rìnrìn àjò, ilé bíi mẹ́ta ni wọ́n gbé e kiri kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n sì sọ fún mi pé ó máa ń febi sùn. Ní báyìí, kò sí oúnjẹ tí mo gbé kalẹ̀ tó máa ní òun yó. Tó bá gbọ́ tí ọmọrí ìkòkò dún, ó ti dé ilé ìdáná. Ìrẹsì pàápàá, kì í rún un kó tó gbé e mì, ojú rẹ̀ á sì wà lára abọ́ àwọn ọmọ mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èèrà ló mú mi dé ìdí ìrọ̀rí rẹ̀: orí ẹja tó fi bébà ìwé iléèwé wé, àti búrẹ́dì tó ti bu. Bí mo ṣe bi í léèrè, ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ń pariwo, ó ń forí gbá ògiri. Ìyá mi ní kí n máa ti ilé ìdáná pa. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ̀bìà ni àbí àìsàn?

Bàbá Ṣèyí:
Ẹ kú sùúrù. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń jí nǹkan nínú ìkòkò, pásán díẹ̀ kò burú. Àwọn ọmọ yín lè kọ́ ìwà yẹn lára rẹ̀.

Ìyá Bọ̀dé (nọ́ọ̀sì ni mí):
Bàbá Ṣèyí, ẹ má bínú sí mi, n kò lè jẹ́ kí ìyẹn kọjá. Ọmọ tó ń forí gbá ògiri nítorí búrẹ́dì, ẹ̀rù ló ń bà á, pásán á sì fi kún un ni. Tí ìdààmú bá pẹ́ lára ọmọ, ara rẹ̀ á máa tú họ́mónù kan tó ń jẹ́ cortisol jáde, èyí á sì máa jẹ́ kí oúnjẹ aládùn àti ọlọ́ràá máa wù ú. Àìsùn dáadáa náà ń dá kún ebi.

Àmọ́ Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ṣé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ṣáá, tó ń tọ̀ léraléra lóru, tó sì ń rù bó ṣe ń jẹun tó? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, lónìí ni kí ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ìtọ̀ ṣúgà. Ṣé ẹnì kan ti ń fún un ní omi oògùn tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì pé ó ń mú ọmọ sanra? Cyproheptadine, oògùn kan tó ń mú kí ebi máa pa èèyàn, ló máa ń wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tó wà lọ́mọ-ọwọ́ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ rọ̀ tí kò lè fa ọmú? Àìsàn àbímọ́ kan wà tó ń jẹ́ Prader-Willi, kò wọ́pọ̀, krómósómù 15 (ọ̀kan lára àwọn okùn tó gbé àbùdá èèyàn) ló ti ń wá. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í lè mu ọmú dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá dàgbà díẹ̀, ebi tí kò lópin á dé, torí ọpọlọ rẹ̀ kì í mọ̀ pé inú ti yó. Irú wọn ni títi ilé ìdáná pa jẹ́ ara ìtọ́jú fún. Ọmọ tí ebi ti pa rí ní tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ á kàn jẹ́ kó gbà pé òótọ́ ni ohun tó ń ba òun lẹ́rù.

Màmá Dára:
Ọmọ tèmi ní ọ́tísìm, dọ́kítà sì kọ risperidone fún un nítorí ìbínú. Ìbínú rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ṣòkòtò kankan ò gbà á mọ́. Dọ́kítà ló bá wa dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lò ó, ẹ má dá a dúró fúnra yín o.

Tíṣà Àdùkẹ́:
Mo ti tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àkókò oúnjẹ dúró sójú kan, kó mọ̀ ọ́n láìbéèrè. Ẹ̀yin ni kí ẹ yan ohun tí wọ́n máa jẹ àti ìgbà tí wọ́n máa jẹ ẹ́, kí òun sọ ìwọ̀n tó fẹ́. Ẹ gbé ike kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ẹ kó ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ sọ fún un pé tirẹ̀ ni, kò nílò kó tọrọ. Ojú rẹ̀ ni kí ẹ ti máa kún un. Ó lè kọ́kọ́ jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má fòyà. Èyí tí mo tọ́, nígbà tó yá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rà sínú ike. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀. Ẹ má fi oúnjẹ jẹ ẹ́ níyà láé, kí ẹnikẹ́ni má sì pè é ní wọ̀bìà nínú ilé yẹn, títí kan Màmá yín.

Àǹtí Mòní:
Ẹ ṣé gan-an ni. Kì í tọ̀ lóru, kò rù, kò lo oògùn kankan, ìyá rẹ̀ sì ní ó mu ọmú dáadáa. Màá ra ike náà lọ́la. Igbe òru ni kò yé mi: ó máa ń ta jí, á máa pe bàbá rẹ̀. Ibo ni mo lè gbé e lọ?

Ìyá Bọ̀dé:
UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì tó wà nítòsí yín n'Íbàdàn, ní kíníìkì fún ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé. Ẹni tó bá wà l'Ékòó, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní Òṣòdì. Ikú bàbá rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn. Ẹ máa kọ ohun tó jẹ sílẹ̀ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó jẹ ẹ́, kí ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání tó bá ṣì wà, torí wọ́n á fẹ́ mọ bó ṣe ń wọ̀n láti kékeré.